Orin Ìyá Mi àti Ẹ̀rọ Tí Kò Gbọ́ràn

Èmi kì í ṣe onísùúrù ènìyàn, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí tètè mọ̀. Bí ìdérí ìgò kò bá ṣí lẹ́ẹ̀kan, eyín ni màá fi ṣí i. Bí ọkọ̀ tó wà níwájú mi lórí Express bá pẹ́ díẹ̀ kó tó gbéra, ọwọ́ mi ti wà lórí fèrè. Ìyá mi máa ń sọ pé sùúrù ni baba ìwà lóòótọ́, pé baba náà ni kò sí nílé lọ́jọ́ tí òun bí mi. Irú èmi yìí náà ni mo lọ gbé Linux, ètò kan tó ń darí ẹ̀rọ, sórí kọ̀ǹpútà, tí mo ní òun ni mo fẹ́ fi gba orin ìyá mi sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ Linux á ti máa rẹ́rìn-ín.

Orin náà ní ẹsẹ méje. Ìjọ aláṣọ funfun tó wà létí ọ̀sà ní abúlé wa ní Lakowe ni ìyá mi ti gbà á, nígbà tí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbá gọ́ọ̀fù lónìí ṣì jẹ́ oko ẹ̀gẹ́. Wọ́n wà nínú àdúrà ọlọ́jọ́ mẹ́ta, Ẹ̀mí gbé e, orin sì bọ́ sí i lẹ́nu láti ẹsẹ kìíní dé ìkeje láìdánudúró. Akọ̀wé ìjọ kọ ọ́ sínú ìwé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n omi wọ ilé ìjọ ní ọdún kan, ìwé náà sì bá omi lọ. Àwọn akọrin mọ ègbè rẹ̀ dáadáa. Ẹsẹ méjèèje, orí ìyá mi nìkan ni wọ́n wà.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Ó da iyọ̀ sínú tíì. Ó fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú pè mí, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ láìfura. Mo ní ọjọ́ ogbó ni. Àfi ọjọ́ Ìsinmi kan tó ń dá orin náà, tó kọ ẹsẹ karùn-ún tán, tí àwọn akọrin gbe ègbè, tí ẹsẹ kẹfà kò wá. Wọ́n tún ègbè náà gbè lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ń dúró dè é. Ìyá mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rọra jókòó. Mo ń wò ó láti àárín àwọn ọkùnrin. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, tó ń fọ abọ́, ẹsẹ kẹfà ti padà sí i lẹ́nu, àmọ́ mo ti rí i pé àwọn ẹsẹ náà ti ń lọ ti ń bọ̀, pé ọjọ́ kan máa dé tí wọn ò ní padà. Mo pinnu pé màá gbà wọ́n sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé.

Ìyàwó mi ní kí n fi fóònù gbà á lọ́jọ́ náà gan-an, kí n tó máa wá èyí tó dára jù. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, mi ò gbọ́. Mo sọ fún un pé fóònù wà fún òfófó, pé orin tí Ọlọ́run fún ìyá mi kọjá ohun tí èèyàn ń fi fóònù gbà. Kò tún bá mi sọ ọ́ mọ́.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ya àwòrán ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Oniru. Ibẹ̀ ni ọ̀gá kan ti sọ fún mi pé ọ̀fẹ́ ni Linux, pé àwọn olórin ń lò ó, pé ẹni tó bá ti mọ̀wé kò ní í níṣòro. Mo gbé e sórí láptọ́ọ̀pù onírin mi kan tó ti ń darúgbó. Mo ra máìkì, mo ra àpótí kékeré kan tí wọ́n máa ń ki wáyà máìkì bọ̀ kí ohùn tó lè wọ inú kọ̀ǹpútà. Mo to gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì ìjẹun ní ilé wa ní Abraham Adésànyà ní Ajah, mo sọ̀rọ̀ sínú máìkì, kọ̀ǹpútà kò gbọ́ nǹkan kan.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi wá ìdí rẹ̀. Nígbà tí mo rí i, ẹ̀rọ náà ní orúkọ mi kò sí lára ẹgbẹ́ tí wọ́n fún láṣẹ láti fọwọ́ kan ohùn. Kọ̀ǹpútà tí mo ra fúnra mi, tó wà lórí tábìlì mi, tó ń jẹ iná mi, ló ń béèrè pé ta ni mo jẹ́. Mo kọ orúkọ mi sínú ẹgbẹ́ náà bí ẹni tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ó wá gbọ́ mi, ṣùgbọ́n ohùn mi ń ta pà-pà-pà bíi gúgúrú nínú ìkòkò. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ń lò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan ní kí n lọ ka ìwé ìlànà. Ẹlòmíràn ní kọ̀ǹpútà mi ń kánjú, pé kí n jẹ́ kó máa kó ohùn jọ díẹ̀ kó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, gúgúrú náà rọlẹ̀, ariwo mìíràn tún jáde lábẹ́ rẹ̀, ó ń kùn hùn-ùn láìsinmi. Mo bú kọ̀ǹpútà náà tìyátìyá, débi pé ìyàwó mi jáde láti inú yàrá wá wo ẹni tí mò ń bá jà.

Kíkùn yẹn ló kó mi sínú ohun tí mo ṣe. Ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí sọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì ló ń fà á, èyí gígùn tó máa ń kó iná tó bá ṣìnà wọ ilẹ̀ lọ, pé kí n yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Èyí kò le rárá, gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo ra wáyà ẹlẹ́sẹ̀ méjì, mo fi ìdérí báírò gún ihò òkè sọ́kẹ́ẹ̀tì kó lè la ẹnu, mo ki í bọ̀ ọ́. Kíkùn náà dákẹ́ rọ́rọ́. Mo jókòó pẹ̀lú sílípáàsì rọ́bà mi lórí táìsì, mo sọ̀rọ̀, mo gbọ́ ohùn ara mi kedere, mo sì rò pé mo ti ṣẹ́gun.

Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń kó gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú wáyà ẹlẹ́sẹ̀ méjì náà, lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Lakowe. Ìyá mi kì í ṣàdédé kọ orin yẹn. Ó gbọ́dọ̀ wẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wọ sùtánà funfun rẹ̀, ẹni tó bá sì ti wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Ẹsẹ̀ lásán ló fi ń dúró lórí sìmẹ́ǹtì yàrá rẹ̀. Èmi tí mo wọ ṣòkòtò, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Mo fi àmì róbótó kan hàn án lójú ẹ̀rọ náà, mo ní bó bá ti pọ́n bí iná, ẹ̀rọ ti ń gbọ́ wa nìyẹn.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, ó kọ ẹsẹ méjèèje láìṣi ẹyọ kan. Nígbà tí mo ní kí n gbọ́ ọ, ohun tí mo bá níbẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré nínú ilé tí wọ́n ń kọ́ lẹ́yìn ọgbà gọ́ọ̀fù. Kọ̀ǹpútà ti pa máìkì mi tì, ó fi etí kékeré tó wà nínú ara rẹ̀ gbọ́ gbogbo àdúgbò. Ohùn ìyá mi wà lábẹ́ kọnkéré náà, ó jìnnà, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Mo pa á rẹ́. Bí nǹkan kò bá ti dára tó, èmi kì í fẹ́ fojú rí i.

Ní Sátidé kejì, mo fi ohun ìgbọ́rọ̀ bò ó létí kó lè máa gbọ́ ara rẹ̀. Mo ti gbàgbé pé mo ti ní kí kọ̀ǹpútà máa kó ohùn jọ kó tó gbé e jáde. Ohùn rẹ̀ ń pẹ́ kó tó padà dé etí rẹ̀. Ó kọ ìlà kan, ó dúró. Ó kọ òmíràn, ó tún dúró. Mo pa ẹ̀rọ, mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ẹnì kan ń gbè é lẹ́yìn, òun ń dúró kó parí. Láti kékeré ni ìyá mi ti ń dá orin, ẹni tó ń dá orin kì í sì já ègbè mọ́ àwọn akọrin lẹ́nu. Mo ṣàlàyé fún un pé ohùn tirẹ̀ náà ni. Ó ní ó dáa. A tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró. Nígbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹrin, ó bọ́ ohun náà kúrò létí, ó ní ẹni yẹn ń fà jù, àwọn kì í gbe orin bẹ́ẹ̀ ní ìjọ àwọn. Ìgbà yẹn ni mo sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò lè kó padà mọ́.

"Màámi, ẹ gbọ́. Tí iná pupa yìí bá ti tàn, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má dúró. Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, ẹ máa kọ ọ́ lọ títí mo fi máa pa á."

Ohùn líle ni mo fi sọ ọ́, irú èyí tí mi ò jẹ́ fi bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ ní Oniru. Ó wò mí, ó ní òun ti gbọ́. Ó kọ ọ́ láìdúró lẹ́yìn náà, ẹsẹ méje gbáko, ṣùgbọ́n mo gbọ́ gúgúrú díẹ̀ nínú rẹ̀. Mo pa òun náà rẹ́.

Òjò rọ̀ mọ́jú Sátidé kẹta. Sìmẹ́ǹtì yàrá náà tutù, ó ń làágùn. Lọ́jọ́ yẹn, kọ̀ǹpútà gbọ́ràn sí mi lẹ́nu fún ìgbà àkọ́kọ́. Ohùn ìyá mi ti ń rẹlẹ̀, nítorí náà mo ní kó súnmọ́ máìkì títí ẹnu rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ẹsẹ kìíní lọ, ìkejì lọ, ìkẹta lọ. Ní ẹsẹ kẹrin, bí ètè rẹ̀ ṣe kan máìkì, mo rí i tí èjìká rẹ̀ mì. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n, ó sì ń bá orin lọ. Ètè rẹ̀ tún kàn án, ó tún gbọ̀n. Ó di ojú rẹ̀.

Inú ìjọ yẹn ni wọ́n bí mi sí. Bí mo bá rí àgbàlagbà tó wọ sùtánà, tó dijú, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n lẹ́nu orin, mo mọ ohun tó dé, mo sì mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. A kì í fọwọ́ kan irú ẹni bẹ́ẹ̀. A kì í pè é. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, mo kúnlẹ̀, mo dorí kodò, mo jẹ́ kí ẹ̀rọ máa gbọ́. Inú mi dùn gan-an. Mo ní lẹ́yìn gbogbo ìbínú yìí, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ti wá dá sí ọ̀rọ̀ wa. Ẹsẹ karùn-ún, ìkẹfà, ìkeje, kò sí ìlà tí kò gbọ̀n, kò sì fo ọ̀kankan. Nígbà tí mo pa iná pupa, mo ké Hàlelúyà lẹ́ẹ̀méje, mo bi í bóyá wọ́n rán an níṣẹ́ kankan sí mi. Ó fi etí sùtánà nu ètè rẹ̀, ó ní rárá, kò sí iṣẹ́.

Nígbà tí mo délé tí mo gbọ́ ọ, gúgúrú wà nínú rẹ̀, kíkùn yẹn náà ti padà wọlé. Kò dára tó lójú mi. Ṣùgbọ́n ta ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ohùn Ẹ̀mí rẹ́? Mo gbé e sí apá kan, mo ní a ó gba èyí tó mọ́ ní Sátidé tó ń bọ̀.

Mo wá ṣe ohun tí aláìnísùúrù máa ń ṣe. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ síwájú mi pé ẹ̀dà Linux tuntun ti dé, ṣé kí òun gbé e wọlé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bó ṣe gbé e wọlé tán, kò gbóhùn mọ́ rárá. Sátidé mẹ́rin ni ìyẹn gbà lọ́wọ́ mi. Ojú mi á ti pọ́n kí n tó ti Oniru dé Ajah ní ìrọ̀lẹ́, màá tún jókòó ti ẹ̀rọ ìkà yẹn kí n tó jẹun. Èyí tí mo tún ṣe lánàá á ti bàjẹ́ lónìí. Apá méjì inú rẹ̀ ló ń jà lórí ẹni tó máa kọ́kọ́ gba ohùn lọ́wọ́ máìkì, èmi tí mo ni wọ́n kò rí wọn là. Ìyá mi pè mí lórí fóònù pé ṣé mò ń bọ̀, pé òun ti wẹ̀. Mo ní ẹ̀rọ kò tíì dára. Nígbà tó tún pè ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìkanra ni mo fi dá a lóhùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kò pè.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ tún gbóhùn, tí mo padà lọ, òjò ló lé mi wọ ilé rẹ̀. Bàtà mi ti rin gbindin, mo bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó wọ sùtánà rẹ̀, ó dúró síbi tó máa ń dúró sí, mo tan iná pupa. Ó kọ ẹsẹ mẹ́ta. Lẹ́yìn ìkẹta, ó kọ ègbè, ó tún ègbè náà kọ, ó tún un kọ. Kò dúró, kò sì sọ̀rọ̀. Ègbè nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé bóyá ó kàn jìnnà sí máìkì ni, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni. Mo dìde, mo fẹ́ fa máìkì súnmọ́ ọn. Bí mo ṣe dì í mú pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán lórí sìmẹ́ǹtì tútù yẹn, iná gbé mi. Mo ju ọwọ́ mi sẹ́yìn, máìkì àti igi rẹ̀ ṣubú lu ògiri.

Kò ya ìyá mi lẹ́nu.

"Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀," ló wí.

Mo bi í pé láti ìgbà wo. Ó ní láti ọjọ́ tí òjò rọ̀, tí òun kọ ọ́ dé òpin. Mo ní ṣebí ọjọ́ yẹn ni Ẹ̀mí gbé e.

"Ẹ̀mí kọ́. Iná ni. Ó ń ta mí lẹ́nu."

"Màámi, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ìwọ lo ní tí iná pupa bá ti tàn, kí n má sọ̀rọ̀, kí n má dúró." Ohun tó ń gbàgbé nígbà yẹn pọ̀, kò gbàgbé èyí. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń jíṣẹ́ fún ọ̀gá rẹ̀. "Mo rí ọ tó o kúnlẹ̀. Mo ní bóyá ò ń bẹ Ọlọ́run kí ẹ̀rọ yẹn má tún bàjẹ́ ni."

Mo bi í pé nígbà tí mo pa iná pupa ńkọ́, ṣebí ó lè sọ ọ́ nígbà yẹn.

"Inú rẹ dùn lọ́jọ́ náà," ó ní. "Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ọ tí inú rẹ dùn bẹ́ẹ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ojú tì mí débi pé mi ò fẹ́ dìde. Òun ló fà mí lápá, ó ní sìmẹ́ǹtì tutù, kí n má lọ kó òtútù sára.

Ní ọjọ́ kejì, mo gé wáyà ẹlẹ́sẹ̀ méjì náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Mo pe oníṣẹ́ iná, ó ri irin mọ́lẹ̀ lẹ́yìn yàrá ìyá mi, ó fa wáyà láti ibẹ̀ wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo bi í léèrè kíkùn tó dà mí láàmú nílé. Ó wá wò ó, ó fa wáyà sípíkà kan yọ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ó tán. Kò gbà á tó ìṣẹ́jú kan, kò sì fọwọ́ kan Linux. Gbogbo ìbínú mi, orí ẹni tí kò ṣẹ̀ mí ni mo ń dà á lé.

Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ yẹn ń gbọ́ràn. Ohùn tó ń gbà mọ́ débi pé èèyàn á gbọ́ bí ìyá mi ṣe ń mí kó tó bẹ̀rẹ̀ orin. Ó kọ ọ́ sí i ní ọ̀pọ̀ Sátidé, ẹsẹ mẹ́ta, nígbà tó yá, méjì. Mo wá àwọn tí mo pa rẹ́ lọ sínú kọ̀ǹpútà, mo fi gbogbo ohun tí mo ti kọ́ wá wọn, ṣùgbọ́n omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Kọnkéré ibẹ̀ kì bá tí ṣe wá ní nǹkan kan. Gúgúrú ibẹ̀ kì bá tí ṣe wá ní nǹkan kan. Ẹyọ kan ṣoṣo tí orin náà ti pé ni èyí tí iná ti ń ta ìyá mi lẹ́nu, tí mo wà lórí eékún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí inú mi ń dùn.

Mo gbé e fún àwọn akọrin nítorí kò sí òmíràn. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n kọ́ ọ lẹ́sẹẹsẹ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ. Ẹsẹ mẹ́ta àkọ́kọ́ ń lọ geere. Tó bá kan ìkẹrin, gbogbo wọn á gbọ̀n ohùn níbi tí ìyá mi ti gbọ̀n ọ́n, ìlà fún ìlà, títí dé ìparí ìkeje. Àwọn tó wà nínú ìjọ á sì kúnlẹ̀. Mo ti lọ bá olórí akọrin lẹ́ẹ̀mejì kí n sọ fún un, mo kí i, mo padà.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, èmi àti ìyá mi jókòó síta lẹ́yìn ìsìn, a ń wo ọ̀sà. Ó ní orin táwọn akọrin kọ dùn, ó dà bíi pé òun gbọ́ ọ níbì kan rí. Ó wá bi mí pé kí ló dé tí wọ́n fi ń gbọ̀n ohùn láti àárín rẹ̀ lọ.

Mo ní, "Ẹ̀mí ni, Màámi."